Bí ẹ ṣe máa gba lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ìgbéyàwó dunjú n'Ìbàdàn

Kẹ́ ẹ tó máa bèèrè kiri pé "ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ lọ́yà kan tó dáa", ẹ kọ́kọ́ lọ tú àpótí, ẹ wá ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó síta, kẹ́ ẹ sì kà á dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹni tó sunkún mọ́jú lánàá ò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ló máa sọ kóòtù tẹ́ ẹ máa lọ, kóòtù tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ló máa sọ irú lọ́yà tẹ́ ẹ nílò. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà n'Ìbàdàn níbí, wọ́n á ti sanwó fún lọ́yà, wọ́n á ti pààrà kóòtù títí, kó tó wá yé wọn pé kóòtù tí wọ́n ń lọ ò lágbára kankan lórí ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe.

Ó lọ báyìí. Tó bá jẹ́ régísírì lẹ lọ, bóyá ti ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn l'Ágodi Gate àbí ti ìjọba ìbílẹ̀ mí-ìn, tàbí kó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní láísẹ́ǹsì ló so yín pọ̀ tí wọ́n sì fún yín ní sátífíkéètì tí wọ́n kọ Marriage Act sí, Háì Kóòtù nìkan ló lè tú u ká. N'Ìbàdàn níbí, Ring Road ni Háì Kóòtù ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, òfin tí wọ́n sì máa fi dá a ni Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, ìyẹn òfin tó wà fún ẹjọ́ ìgbéyàwó. Tó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, tí ẹbí gba owó orí, tí àwọn àgbà ṣàdúrà, tí ìyàwó sì relé ọkọ, tàbí kó jẹ́ àfáà ló so yìgì fún yín tí kò sí régísírì níbẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ lẹ máa lọ, irú èyí tó wà ní Mápó.

Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé ọ̀pọ̀ wa ló ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀, a ṣe régísírì láàárín ọ̀sẹ̀, a ṣe ìdána, a tún lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Tí régísírì bá ti wà níbẹ̀, Háì Kóòtù ni. Kóòtù ìbílẹ̀ lè bá yín dá owó orí padà, wọ́n lè kọ ìwé fún yín, ìgbéyàwó régísírì yẹn ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in gbọn-in. Aládùúgbò wa kan ní Challenge, ẹnì kan ló sọ fún un pé kóòtù ìbílẹ̀ yá jù, ó lọ, wọ́n tú wọn ká, ó dúpẹ́, ó lọ ilé ẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ fẹ́ ọkọ mí-ìn ní régísírì ni akọ̀wé ibẹ̀ ní kó mú decree absolute wá, ìyẹn ìwé Háì Kóòtù tó fi hàn pé ìgbéyàwó ti túká pátápátá, ó mú ìwé tó ní fún un, ọkùnrin yẹn yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní, "Mà, kì í ṣe ìwé yìí, ìyàwó èèyàn lẹ ṣì jẹ́ lójú òfin." Ọlọ́run ló bá a ṣe é tí akọ̀wé yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, torí abala 370 nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, sọ pé ẹni tó bá tún ìgbéyàwó ṣe nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ ò tíì túká lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: àfidéfíìtì tẹ́ ẹ lọ búra sí ní kóòtù Ìyágankú pé "èmi àti lágbájá ti pínyà" kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó régísírì, lẹ́tà pásítọ̀ náà ò jẹ́ nǹkan kan lójú òfin, ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti kó kúrò nílé náà ò tú u ká fúnra ẹ̀. Lọ́yà tó bá ní kẹ́ ẹ lọ búra kó sì parí, ẹ dìde kúrò níwájú ẹ̀.

Ó yá, ẹ ti mọ kóòtù yín. Ní kóòtù ìbílẹ̀, èèyàn lè dá lọ, kó sọ tẹnu ẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n dá a lẹ́jọ́, àwọn tó ń lọ láìmú lọ́yà dání pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Tí ò bá sí ìjà lórí ọmọ tàbí ilé, ẹ má fi dandan náwó sí lọ́yà. Ṣùgbọ́n Háì Kóòtù yàtọ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ ní ìlànà ẹ̀, tí wọ́n bá ṣì í kọ adájọ́ lè dà á nù kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Níbẹ̀ lẹ ti nílò lọ́yà, ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí ni o, kì í ṣe lọ́yà ṣáá.

Torí lọ́yà pọ̀ n'Ìbàdàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ ìwé ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, àwọn tá à ń pè ní charge and bail náà wà tí wọ́n máa ń dúró sí àyíká kóòtù máàjísíréètì láti gba béèlì èèyàn. Lọ́yà gidi lèyí tó pọ̀ nínú wọn o, mi ò bú wọn, iṣẹ́ béèlì yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìgbéyàwó ni. Èyí tó máa pa yín lára jù ni ẹni tó bá pàdé yín lẹ́nu géètì kóòtù tó ní "mà, ẹjọ́ kí lẹ ní, ẹ wá mo máa bá yín ṣe é", tí kò sí ọ́fíìsì, tí kò sí káàdì, tó fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe tìránsífà sí ákáǹtì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ibi tó dáa jù láti bẹ̀rẹ̀ ni lọ́wọ́ ẹni tí ẹjọ́ tiẹ̀ ti parí. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ẹjọ́, bí inú bá dùn sí lọ́yà ẹ̀ lónìí ó lè bínú sí i lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀ tán á sọ fún yín bó ṣe rí gan-an, iye tí wọ́n dá fún un àti iye tó san kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ ò bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka Ìbàdàn ti ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, ìyẹn NBA, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ta ló ń ṣe ẹjọ́ ìdílé. Èmi a tún gba ẹni tó bá ráyè nímọ̀ràn pé kó lọ jókòó sí kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ní gbangba, kẹ́ ẹ ṣáà múra dáadáa, kẹ́ ẹ pa fóònù, kẹ́ ẹ sì máa wò. Ẹ máa rí lọ́yà tó mọ fáìlì ẹ̀ tó ń dá adájọ́ lóhùn tààrà, ẹ máa rí èyí tó ń wá ìwé kiri nínú báàgì tó sì ń bẹ adájọ́ pé kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín orúkọ ẹni àkọ́kọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìbátan ńkọ́? Gbogbo wa la ní bùọ̀dá kan tó jẹ́ lọ́yà tàbí ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ni náà bá mọ ìyàwó, ó mọ ọkọ, ó jẹun níbi ìkómọ yín, mo rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹbí, kẹ́ ẹ wá lọ́yà níta. Ó máa fẹ́ parí ìjà nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jà, ẹ̀yin náà ò sì ní lè sọ fún un pé owó tó ń gbà pọ̀ jù. Lọ́yà kan náà ò sì gbọ́dọ̀ ṣe fún tọkọ tìyàwó, ẹni tó bá ní òun máa bá ẹ̀yin méjèèjì ṣe é kí owó lè dín kù, kò ní lè gbèjà ẹnì kankan nínú yín tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ọmọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni kan, ẹ yẹ orúkọ ẹ̀ wò. Gbogbo lọ́yà tó lè dúró ní kóòtù ní Nàìjíríà ni orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé Supreme Court, wọ́n ní nọ́ńbà níbẹ̀, wọ́n sì ní sítáńpù NBA tí orúkọ wọn àti nọ́ńbà wọn wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé kóòtù. Kì í ṣe àrífín láti bèèrè. Àwa Yorùbá máa ń tijú láti bi àgbà ní ìbéèrè, pàápàá tó bá wọ súùtù, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ wà: "Ẹ má bínú sà, ọdún wo ni wọ́n pè yín sí Bar, tẹ́ ẹ di lọ́yà? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹjọ́ ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ti ṣe parí ní Háì Kóòtù Ring Road tó mélòó? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa máa wá ni àbí ẹ máa rán ọmọọṣẹ́?" Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ó lè jẹ́ ọ̀gá lẹ bá sọ̀rọ̀, kó wá jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Law School lẹ máa máa rí ní kóòtù. Kò burú tó bá mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ rí lọ́yà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú sátífíkéètì ìgbéyàwó, ojúlówó ẹ̀ fún wọn láti wò, fọ́tókópì fún wọn láti mú, ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀. Ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ. Ẹ kọ déètì sórí pépà: ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe ìgbéyàwó, ibi tẹ́ ẹ jọ gbé, ọjọ́ tẹ́nì kan kó jáde, ìgbà tẹ́ ẹ jọ sùn nínú ilé kan gbẹ̀yìn. Òfin ń ka ọdún, ìdí nìyẹn. Ìdí kan ṣoṣo ni Háì Kóòtù fi ń tú ìgbéyàwó ká, pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà 8 ni òfin là sílẹ̀ tẹ́ ẹ lè gbà fi hàn. Tí ẹnì kejì bá ti pa yín tì fún ọdún 1 gbáko kẹ́ ẹ tó pẹjọ́, ọ̀nà kan nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹnì kejì ò sì lòdì sí i, ọ̀nà nìyẹn. Tó bá pé ọdún 3, bó fẹ́ bó kọ̀, ọ̀nà ni. Èyí tó rọrùn jù nìyẹn tó sì ní ìjà tó kéré jù, torí kò sídìí láti máa tú àṣírí ara yín síta. Tí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún 2, ẹ máa gbàṣẹ kóòtù kẹ́ ẹ tó lè pẹjọ́, àfi àwọn ìdí kan bíi àgbèrè.

Torí náà ẹ bi lọ́yà pé, "Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbé e gbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi yan ìyẹn?" Ìdáhùn ẹ̀ ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n. Tó bá kàn sọ pé "ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ń ṣe àgbèrè, ìyẹn ló yá jù", ẹ sọ́ra. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ pé ọkọ tàbí ìyàwó ń bá sùn, òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi òun náà kún ẹjọ́, wọ́n máa gbé ìwé fún un, ó lè gba lọ́yà tiẹ̀ kó wá jà, ẹjọ́ tó yẹ kó rọrùn á wá di ogun. Ẹ má gbà kí wọ́n kọ irọ́ sínú ìwé yín, ẹ̀yin lẹ máa búra sí i, kì í ṣe lọ́yà. Tí lọ́yà bá sì bi yín pé ṣé kò sí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè níyanjú, ẹ má bínú sí i. Òfin ló ní kó bèèrè, ó níwèé tó máa buwọ́ lù lórí ọ̀rọ̀ ìlàjà kí ẹjọ́ tó wọlé.

Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo tún un sọ, gbogbo ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ṣe tí kò dáa náà, ẹ sọ ọ́, torí ẹnì kejì mọ̀ ọ́n, lọ́yà tiẹ̀ á gbé e jáde lójú adájọ́, lọ́yà yín á wá máa wo yín bọ̀ọ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá bá lọ́yà sọ, àṣírí ni, òfin iṣẹ́ wọn ò gbà kó sọ ọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp ńkọ́? Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́, àní bó tiẹ̀ ń dùn yín láti máa rí i. Ẹ má sì rò pé screenshot nìkan tó. Abala 84 nínú Evidence Act ti 2011, òfin ẹ̀rí ní kóòtù, ní ohun tó ń béèrè kí kóòtù tó gba nǹkan tó jáde látinú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, lọ́yà ló máa ṣètò ẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò fóònù yẹn gan-an. Ẹ má tà á, ẹ má fún ọmọ lò.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti ilé. N'Ìbàdàn níbí, ẹ̀ẹ́ rí obìnrin tó jẹ́ pé owó àjọ ẹ̀ ni wọ́n fi ra búlọ́ọ̀kù ilé tó wà l'Ákóbọ̀ tàbí Mọníyà, òun ló ń gbé oúnjẹ fún bíríkìlà, òun ló dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ló wà lórí gbogbo rìsíìtì, orúkọ ọkọ ló wà lórí àdéhùn ilẹ̀. Kóòtù ò kàn máa pín ilé sí méjì bíi àkàrà. Adájọ́ lágbára láti pín in bó ṣe tọ́, àmọ́ á fẹ́ rí ohun tí kálukú fi sí i. Nítorí náà ẹ wá káàdì àjọ yẹn, ẹ lọ gba sítétímẹ́ǹtì ní báńkì, ẹ lọ bá oní-búlọ́ọ̀kù tó bá ṣì rántí yín, ẹ kó o fún lọ́yà kí ẹjọ́ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Lọ́yà tí ò bá bi yín ní nǹkan kan nípa dúkìá, tó ní "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìgbéyàwó ká ná", ẹ bi í pé ìgbà wo ló wá fẹ́ sọ ọ́, torí inú ìwé ìpẹ̀jọ́ yẹn ló yẹ kó ti béèrè fún un.

Lórí ọmọ, ire ọmọ ni òfin ní kí adájọ́ wò ṣáájú ohun mí-ìn, kì í ṣe pé bàbá ló lọmọ, kì í ṣe pé ìyá ló lọmọ. Ta ló ń mú wọn lọ sílé ìwé, ta ló ń san owó ilé ìwé, ibo ni wọ́n máa sùn sí. Ẹ kó rìsíìtì owó ilé ìwé àti ti ọsibítù jọ. Owó ìtọ́jú wọn náà, ẹ kọ iye tó ń lọ lóṣù kan kalẹ̀, oúnjẹ, ọkọ̀, ìwé, kẹ́ ẹ má kàn dédé dárúkọ iye kan lójú adájọ́.

Ó ku owó. Mi ò ní dárúkọ iye, torí ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ lọ́yà kan sí èkejì, ẹjọ́ tí ẹnì kejì bá sì ń jà máa gbówó ju èyí tí kò jà lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ìwé: owó iṣẹ́ lọ́yà, owó tí kóòtù ń gbà láti fi ẹjọ́ wọlé, owó bélífù tó máa gbé ìwé fún ẹnì kejì, owó ọkọ̀ lọ́yà fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ àti dúkìá wà nínú owó yẹn, àti pé tí ẹnì kejì bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ńkọ́. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kẹ́ ẹ san án díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo ìgbà, kódà tó jẹ́ owó fọ́tókópì, kẹ́ ẹ sì sanwó sínú ákáǹtì ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ mú nǹkan wá ká fi rí adájọ́, lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ wá lọ́yà mí-ìn.

Tí kò bá sówó, ẹ má jókòó sílé máa sunkún. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n ń bá obìnrin àti ọmọ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Women's Law Clinic wà ní UI, ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin. Legal Aid Council náà ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn, òfin wọn ní ẹni tí owó ẹ̀ ò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ẹ lọ bi wọ́n bóyá irú ẹjọ́ yín wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì ń lù nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ ọsibítù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́yà lè dúró di ọ̀la.

Tí ọkọ tàbí ìyàwó bá ti jápa, ó ṣeé ṣe. Lọ́yà máa gbàṣẹ kóòtù láti gbé ìwé fún un níbi tó wà lókè òkun, torí náà ẹ wá àdírẹ́sì ẹ̀ gidi. Tí ẹ ò bá mọ ibi tó wà mọ́, kóòtù lè gbà kí wọ́n fi ìwé náà jẹ́ ẹ lọ́nà mí-ìn, bíi kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tó gbé kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá wọlé, ẹ gba fọ́tókópì ìwé ìpẹ̀jọ́ tí òǹtẹ̀ kóòtù wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ yín sínú fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti ní nọ́ńbà yẹn, kò sí lọ́yà tó lè pa irọ́ déètì fún yín, ẹ lè lọ bèèrè fúnra yín ní régísírì kóòtù. Lọ́yà tí ò fẹ́ fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ má tíì wọlé rárá. Tí kò bá gbé ìpè mọ́, tí ò sọ déètì tó kàn, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ gba fáìlì yín, ẹ lọ fẹjọ́ sùn ní NBA. NBA lè wádìí ẹ̀ kí wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń bá lọ́yà tó ṣe ohun tí kò yẹ wí, ìgbìmọ̀ yẹn ló lágbára láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì fún yín. Ìdájọ́ tí Háì Kóòtù kọ́kọ́ máa ń ṣe, decree nisi ni wọ́n ń pè é, oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ẹ̀ kó tó di decree absolute, lọ́jọ́ yẹn ni ìgbéyàwó tó túká pátápátá. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ régísírì tó bá jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ayédèrú ni, ẹ̀yin lẹ sì máa jìyà ẹ̀ ní ẹ́ḿbásì tàbí nígbà tí ogún bá délẹ̀. Láàárín oṣù 3 yẹn, ẹ má ṣe ìgbéyàwó mí-ìn, ẹ má tiẹ̀ dá déètì. Tó bá ti pé, ẹ ní kí lọ́yà bá yín gba ẹ̀dà decree absolute tí kóòtù fọwọ́ sí ní régísírì, ẹ gba tó méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yẹ orúkọ yín àti nọ́ńbà ẹjọ́ wò lára ẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lẹ́nu káńtà, torí ṣíṣe àtúnṣe ẹ̀ lẹ́yìn náà máa ń gba àkókò.